Akàn Ni Olè, Kì í Ṣe Màmá

Ìyàwó mi,

Akàn tí mo rà pé kó máa jẹ èérí ara iyùn nínú àpótí gíláàsì tí a ń sin ẹja sí, ẹja gan-an ló ń jẹ. Láàárọ̀ yìí ni mo bá a tó fi ẹ̀mú di ẹja aláwọ̀ ìyeyè mú, tó ń jẹ ẹ́ láti ìrù. Bí mo ṣe ki ọwọ́ bọ omi, ó fi ẹ̀mú kejì fún àtàǹpàkò mi. Ìdí nìyẹn tí ìwé mi fi rí wúruwùru. Akàn náà wà nínú garawa báyìí, mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ ìdérí rẹ̀. Má ṣí i.

Èmi ni mo sọ pé oúnjẹ tí màmá rẹ ń dà fún àwọn ẹja ló ń pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé màmá lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ń lọ bẹ̀ wọ́n báyìí. Jọ̀ọ́, pè wọ́n kí n tó débẹ̀. Sọ pé láti ilé ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ bọ̀.