Ilẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wọ̀n

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Táì — ọ̀gá ẹ̀ka ìwọnlẹ̀ wa ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, mi ò rí i láìso táì rí, bóòrùn mú, bí kò mú — ti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún aṣekágbá níṣẹ́. Kí wọ́n wọn ilẹ̀ láti họ́sítẹ́ẹ̀lì obìnrin dé odò kékeré ẹ̀yìn ọgbà. Ibẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ la gọ́tà gbà. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ńbà tí wọ́n bá mú wá ni àwọn agbẹ́lẹ̀ máa tẹ̀ lé.

Èmi ni mo ń tọ́jú sítọ̀. Awò ìwọnlẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀pá oníwọ̀n fara ti ògiri. Mo fi òwú di àpótí, kókó tèmi. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógójì. Kò sẹ́ni tó yọjú.

Ọjọ́rú, 6

Olórí Kíláàsì dé. Bàtà rẹ̀ ń dán bí ẹni ń lọ gbàyàwó. Mo ti dìde láti gbé àpótí fún un. Ó ní rárá o, Àǹtí, ẹ jókòó. Ìwé nọ́ńbà àwọn tọdún tó kọjá làwọn fẹ́ wò fìrí.

Ilẹ̀ pápá bọ́ọ̀lù làwọn tọdún tó kọjá wọ̀n. Kí n má parọ́: wọn ò wọ̀n ọ́n. Àwọn náà da ti àwọn tó ṣáájú wọn kọ ni. Méje kan wà lójú ewé kẹta tó jọ ọ̀kan; ọdún mẹ́fà ló ti ń jọ ọ̀kan, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bàbá tó tọ́jú sítọ̀ kí n tó dé, tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo awò, máa ń sọ pé ẹni tó wọn ilẹ̀ gbẹ̀yìn ní ẹ̀ka yìí ti lọ́mọ-ọmọ.

Mo fún un níwèé. Iṣẹ́ mi ni kí n fúnni ní ohun tó bá béèrè.

Ọjọ́bọ̀, 7

Wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà rèǹtè-rente, ìlà pupa, ìlà búlúù. Táì gbé e sókè lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì: ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọlúàbí. Máàkì mọ́kàndínlógójì nínú ogójì. Kókó tèmi ṣì wà lára àpótí, kò tilẹ̀ dẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Wọ́n tilẹ̀kùn ọ́fíìsì ní agogo mẹ́rin, mo gbé awò jáde. Ìyá Agbálẹ̀ bá mi di ọ̀pá mú. "Ọmọ yìí, ṣé wàhálà ò tíì rí ọ ni, lo fi ń wá a lọ?" Ṣùgbọ́n ó dúró ṣinṣin ju olùkọ́ mẹ́ta lọ. Mo ń juwọ́ pé kó sún sọ́tùn-ún, ó ní kí n yéé ṣọwọ́ sí òun bí ẹni ń lé adìẹ.

Ilẹ̀ náà ò dà gẹ̀rẹ̀ sí odò. Ó ga láàárín, lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, ó fi bí ìdajì mítà ga ju ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ. Bí wọ́n bá fi nọ́ńbà pápá bọ́ọ̀lù gbẹ́ gọ́tà, omi á rìn dé ìdajì ọ̀nà, á ronú, á padà sílé. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bákan náà.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Fọ́ọ̀mù mi wà lórí tábìlì Táì láti oṣù kìíní. Àyè kan ṣoṣo ni ẹ̀ka ń fún òṣìṣẹ́ lọ́dún láti wọlé kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n á pa á dé. Màámi ti ń kí mi ní "ìyá oníwọ̀n".

Ọjọ́ Ajé, 11

Mo mú ìwé nọ́ńbà tèmi lọ bá Táì. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Kò wo ìwé náà. Èmi ló ń wò. Ta ló rán mi? Mo ní kò sẹ́ni. Ó rẹ́rìn-ín: ẹni tó jáde sẹ́kọ́ńdírì lánàá fẹ́ máa tún ìṣirò ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní ìwé ìjáde ẹrù sítọ̀ ṣófo lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò á rò pé àwọn ọmọ ò jáde. Kí n kọ ọ́ pé awò jáde, Ajé sí Ọjọ́rú. Ó fi ìka lu fọ́ọ̀mù mi pẹ́pẹ́. "Ọmọ tó bá gbọ́ràn là ń ràn lọ́wọ́."

Kókó kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n dì ni ti ọrùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Mo kọ ọ́. Ìlà mẹ́ta. Kò le rárá — ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Ọjọ́bọ̀, 14

Táì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù mi. Màámi jó láti ìdáná dé yàrá, ó sì ti sọ fún aránṣọ ìsàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi Táì ṣẹ̀sín nínú ìwé yìí. Ó yá kí n fi ara mi kún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kẹrin

Gọ́tà parí. Wọ́n ya fọ́tò. Táì ló wà láàárín.

Ọjọ́ Ajé, 22

Òjò ńlá àkọ́kọ́. Omi wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì obìnrin, ó dé orókùn. Mátírẹ́ẹ̀sì ń léfòó, ìwé ń léfòó, ọmọ kan ń wá bàtà rẹ̀ ẹyọ kan. Ìyá Agbálẹ̀ ti ń fi korobá gbọ́n omi láti àárọ̀. Mo bá a gbọ́n. Ó gbé tirẹ̀ kalẹ̀. "Àwa méjèèjì la rí i. Èmi ò mọ̀wé tí n ó fi sọ ọ́. Ìwọ ńkọ́?"

Mo tún bu korobá kan.

Ọjọ́bọ̀, 25

Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì pe ìgbìmọ̀. Táì ní àwọn ọmọ òun wọn ilẹ̀, ìwé sítọ̀ jẹ́rìí sí i. Bí nọ́ńbà bá wá ṣì, a jẹ́ pé awò ló bàjẹ́. Kí wọ́n bi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Lẹ́tà dé ọwọ́ mi lọ́sàn-án: kí n wá wí tẹnu mi lọ́jọ́ Ajé. Ìlà mẹ́ta tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni wọ́n fi so mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 26

Táì wá sí sítọ̀ fúnra rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì. Mo ti di "àbúrò mi". Kí n sọ pé awò bọ́ lọ́wọ́ mi, ó tán. Wọ́n á bá mi wí, àyè mi ò ní bọ́. Bí mo bá sọ nǹkan míì, kí n gbàgbé pé mo gba fọ́ọ̀mù rí. Ó gbọ́wọ́ lé àpótí awò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó ń lọ, ó bi mí kí ló wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 29

Mo sọ ọ́. Awò ò ṣubú, awò ò jáde lọ́jọ́ tí mo kọ, irọ́ ni ìlà mẹ́ta yẹn, èmi ni mo kọ ọ́, nítorí fọ́ọ̀mù. Mo gbé ìwé nọ́ńbà tèmi kalẹ̀. Ọ̀gá àgbà — obìnrin ni, kì í gbóhùn sókè — ní ẹni tó kọ irọ́ sínú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ní wọlé lọ́dún yìí. Ó fa ìlà lé orúkọ mi. Mo ti mọ̀ kí n tó dé ibẹ̀, síbẹ̀ ó dùn mí wọ egungun. Kí ni n ó sọ fún Màámi?

Táì ní ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn. Obìnrin náà ní ó dáa, ká jáde, kí ẹnì kan wọ̀n ọ́n lójú òun.

A jáde, àwọn olùkọ́ ẹ̀ka àti Olórí Kíláàsì tẹ̀ lé wa. Olórí Kíláàsì ní ojú ń dun òun. Olùkọ́ kan ní ẹ̀yìn ń ro òun. Èkejì ní inú ìwé lòun ti ń kọ́ni, òun kì í dé pápá. Wọ́n ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí iyọ̀ tómi kàn.

Èmi ni mo gbé awò kalẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní kí Táì di ọ̀pá mú fún mi. Ó lọ síbi tí mo tọ́ka, ó tún ọrùn ẹ̀wù ṣe, ó nà án ró. Mo fojú sí awò. Gbogbo nọ́ńbà dorí kodò. Òdo tó yẹ kó wà nílẹ̀ ló wà lókè téńté.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ yí i." Ó yí i: ẹ̀yìn ọ̀pá ló kọ sí mi. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó wo ọ̀pá lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó wá bi mí wẹ́rẹ́, bí ẹni ń béèrè ilé ìyàgbẹ́:

"Èwo ni ìdí ẹ̀?"

Mo jẹ́ kó wá a díẹ̀ ná.