Ìlà Méjì Tí Mo Kà Mọ́ Ogun Kẹta

                                                  Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, Àjà Kejì,
                                                  Lẹ́yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Nọ́ọ̀sì tó bínú lọ,

Báwo ni o? Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Bàbá wọn ńkọ́, àbí ó ṣì ń fi ẹ̀yìn ríro ṣe àwáwí kó má baà fọ abọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá wọ́ọ̀dù. Inú mi dùn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu màmá rẹ ni mo ti gbọ́ ọ, tí kì í ṣe ẹnu rẹ. Màmá náà ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí wá sọ́dọ̀ rẹ, torí mo mọ̀ pé tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, o ò ní gbé e. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Jọ̀ọ́, má ya á o. Tí o bá sì máa ya á, kà á tán ná.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún mi ni kò jẹ́ kí n tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́ mọ́, mo sì ti ń lo awò ojú kí n tó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Baálé mi ní tí mo bá ti wọ̀ ọ́, mo máa ń jọ ẹni tó fẹ́ rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n.

Ó tó gẹ́ẹ́. Jẹ́ kí n má fi ìkíni bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Mo ṣẹ̀ ọ́. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ṣẹ̀ ọ́, oṣù tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni. O wí i, mo ní irọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́wàá gééré ni.

O rántí ọjọ́ náà jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àtìwọ ti dá eré ogun wa sílẹ̀ lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ: ogun irínwó ọdún sí àkókò yìí, nígbà tí òkun bá ti gba ilẹ̀ tán, tí àwọn èèyàn ń gbé ìlú orí òpó, tí ìlú kan ń rán jagunjagun onírin sí èkejì nítorí omi mímu. Oníkálukú mú ẹni tó máa jẹ́. Èmi ni olùdarí, èmi ni mò ń sọ ohun tí ojú ń rí, tí mò ń dá ẹjọ́, dáìsì ló ń parí èyí tó kù. Ìwọ ni Balógun Òpó Mẹ́fà. Wẹ́dà, ọ̀rẹ́ wa tó ń jó irin pọ̀, ló kó àwọn onírin wá dó ti ìlú rẹ. Bàbá Tíṣà tiwa, tí kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni láyé yìí tàbí láyé tó ń bọ̀, ní ọkọ̀ ìrànwọ́ ni òun á máa wa.

Dáìsì sọ pé odi rẹ á dúró fún ọjọ́ mọ́kànlá. Àwọn ọkọ̀ olóòrùn Bàbá Tíṣà, tí agbára oòrùn ń gbé rìn, ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, ìlà kan lórí máàpù sì ni ìrìn ọjọ́ kan. O ní ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n máa fi dé. Mo fa téèpù yọ lọ́rùn mi, mo nà án sórí máàpù, mo ka méjìlá. O ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, méjìlá náà ni. O ní ìwọ lo ya apá ìlà-oòrùn máàpù náà, pé o mọ ohun tí o yà. Ni mo bá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé téèpù mi kì í purọ́, pé oníjìbìtì ni ẹ́, pé o kàn ò fẹ́ kí ìlú rẹ jóná ni. Odi wó kí ọkọ̀ tó dé, ìlú jóná, pẹ̀lú ẹgbẹ̀fà aláìsàn tó wà nílé ìwòsàn tí o kọ́ sáàárín rẹ̀. O mú báàgì rẹ, o jáde. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ tí o wà báyìí, mi ò sì wá kí ọ pé ó dàbọ̀.

Wàyí o, Atẹ̀wé tó wà níwájú ilé wa gbà láti tẹ ìwé ogun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí àwọn ẹlòmíràn náà lè máa fi ṣeré nílé wọn. Ó ní máàpù wa ti fẹ̀ jù fún ẹ̀rọ òun, kí n yà á sí méjì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, bébà tèmi lọ́tọ̀, tìrẹ lọ́tọ̀. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo ń fi abẹ ṣí sẹ́lótéèpù fífẹ̀ tí mo fi so ó pọ̀ lẹ́yìn. Bó ti ń ṣí báyìí, ìwé ọwọ́ rẹ ni mo rí lábẹ́ rẹ̀, o fi pẹ́ńsù kọ ọ́: "Télọ̀, ìlà méjì àkọ́kọ́ yìí ti wà lára bébà tìrẹ. Àyè lílẹ̀ ni. Gbé e gun tìrẹ, má kà á."

Mo jókòó sílẹ̀. O fi àyè sílẹ̀ kí n fi bébà kan gun èkejì, èmi fi etí kan etí, mo sì fi sẹ́lótéèpù bo ọ̀rọ̀ rẹ mọ́lẹ̀ láìwo ẹ̀yìn, torí aṣọ ẹnì kan ń lé mi lọ́jọ́ náà. Omi òkun lásán ló wà nínú àwọn ìlà ọ̀hún, kò sí erékùṣù kan níbẹ̀ tí ì bá ta wá lólobó. Apá ìwọ̀-oòrùn la ti ja Ogun Kìíní àti Ogun Kejì, kò sẹ́ni tó sọdá ojú ìsopọ̀ náà rí títí ọkọ̀ Bàbá Tíṣà fi fẹ́ kọjá. Ọ̀rẹ́ mi, ogún ọdún ni mo ti ń ránṣọ. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ̀ pé aṣọ tó bá wọ ojú rírán, a kì í kà á mọ́ fífẹ̀. Èmi kà á. Wọ́n ní bí ọ̀bẹ bá mú títí, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Tèmi tiẹ̀ burú ju ti ọ̀bẹ lọ, torí mo tún bú ẹni tó fẹ́ bá mi gbẹ́ ẹ.

Mo sọ fún baálé mi. Ó ní kí n rọra kọ̀wé sí ọ, kí n bẹ̀ ọ́, kí n sì jẹ́ kí ìwé máa lọ sórí ẹ̀rọ, ta ló máa mọ̀? Òótọ́ ni pé Ogun Kẹta tí a ti fi ọdún méjì jà, orí jíjóná Òpó Mẹ́fà ló dúró lé látòkè délẹ̀. Orí eérú ibẹ̀ ni Wẹ́dà ti fi ara rẹ̀ jọba. Tí ìlú kò bá jóná, gbogbo rẹ̀ ti tú nìyẹn. Síbẹ̀ mo ní rárá. Gbangba ni mo ti pè ọ́ ní oníjìbìtì, mi ò ní wá bẹ̀ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Tí mo bá sì tẹ ìwé náà bẹ́ẹ̀, irọ́ tí mo pa mọ́ ọ làwọn tí kò mọ̀ wá rí á máa fi ṣeré. Baálé mi ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mi ò ní gbọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan dáìsì, mo tẹ́ bébà méjèèjì sórí tábìlì, mo gbé ọ̀kan gun èkejì bí o ṣe wí. Mo ní kí Bàbá Tíṣà ka ìwé ọwọ́ rẹ sókè. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ní kí Wẹ́dà fúnra rẹ̀ ka ìlà. Ó fi ìka kà á, ó dé mẹ́wàá, ó tán. Ó tún un kà láti apá kejì, bóyá ibẹ̀ á pọ̀ díẹ̀ sí i. Mo wá sọ fún gbogbo wọn pé ìwọ lo sọ òótọ́, èmi ni mo ṣìṣe, èmi náà ni mo sì bú ọ.

Kò rọrùn o. O mọ òfin wa: ohun tó bá ti wọ ìwé ńlá Bàbá Tíṣà pẹ̀lú yíǹkì, ó ti ṣẹlẹ̀, a kì í pa á rẹ́. Òfin yẹn ni Wẹ́dà dì mú. Ó ní òun ti fi ọdún méjì jọba, òun ti kọ́ afárá mẹ́rìnlá, òun ti sọ ọ̀tá di àna, kí n má wá fi téèpù lé òun kúrò lórí ìtẹ́. Ká sòótọ́, ó jọba dáadáa, ó ju bí mo ṣe rò lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo ní ìtẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ó fi ìbínú jáde, kò sì wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ní àbí irú èèyàn wo tiẹ̀ ni mí, mo fẹ́ fa ẹnì kan wọlé, mo tún ti lé ẹlòmíràn jáde. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò yí ohùn padà.

Bàbá Tíṣà ló là á. Wọ́n ní òfin sọ pé ká má pa yíǹkì rẹ́, kò sọ pé ká má kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀. Kí jíjóná ìlú wà níbẹ̀ bó ṣe wà, kí olùdarí fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣìṣe rẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kí ogun sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹwàá. Wọ́n ní kò sí olùdarí tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, torí ẹyọ kan ṣoṣo la ní, olórí kunkun sì ni. Mo gbà. Wọ́n wá wọ bàtà, wọ́n lọ bá Wẹ́dà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá a sọ. Ní Sátidé kẹta, ó wọlé, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó ní kí n kọ̀wé sí ọ pé òun ò tíì túká, pé àwọn onírin òun ṣì wà lẹ́nu odi. Ó ní kó o tètè wá, kí òun lè tún ìlú rẹ jó, lọ́tẹ̀ yìí lọ́nà ẹ̀tọ́.

Atẹ̀wé ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti to ìwé náà dé ìdajì. Ó ní ta ló máa ka ìlà omi méjì láyé? Mo ní nọ́ọ̀sì kan wà. Ó gbà láti dá àyè wa dúró títí oṣù kẹjọ á fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé àwọn ọmọ iléèwé á gba ẹ̀rọ rẹ̀. Sátidé bíi mọ́kànlá ló kù fún wa láti tún ogun ọdún méjì jà. A máa jà á. Tí kò bá sì parí, kí ìwé dúró di ọdún tó ń bọ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn kò ní jáde lábẹ́ orúkọ èmi àtìwọ níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, sọ fún un pé abọ́ kì í pa èèyàn. Kí àwọn ọmọ náà, pàápàá èyí tó máa ń fi bọ́tìnnì mi ṣe ọmọ ogun; á ti ga tó mi báyìí. Bàbá Tíṣà ní kí n kí ọ, wọ́n ní ní Sátidé, láago mẹ́rin, àwọn á fi fóònù tiwọn pè ọ́. Mo mọ̀ pé o ò lè rí ìpè wọn kó o má gbé e. Mi ò ní kó o dárí jì mí lónìí. Tí o bá fẹ́, má dá mi lóhùn, àwọn ni kó o máa bá sọ̀rọ̀.

Ohun tó wà nínú ìwé ńlá báyìí rèé, bí mo ṣe kọ ọ́ ni mo dà á kọ fún ọ: "Èmi olùdarí ka ìlà méjì tí kò yẹ kí n kà, mo sì pe ẹni tó sọ òótọ́ ní oníjìbìtì. Ọjọ́ kẹwàá: ọkọ̀ olóòrùn mẹ́ta wọ èbúté Òpó Mẹ́fà. Odi ṣì dúró." Ibẹ̀ ni mo dáwọ́ dúró sí. Bàbá Tíṣà ní ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè kó ju ẹgbẹ̀rin èèyàn lọ. Ẹgbẹ̀fà ló wà lórí ibùsùn nílé ìwòsàn rẹ, odi náà sì ku ọjọ́ kan. Wẹ́dà ní kí n bá ọ yàn kí eré lè máa lọ. Mo kọ̀, torí mi ò tún ní bá ọ ka ohunkóhun mọ́. Gbogbo wọn ti jókòó yí tábìlì ká, ìwọ là ń retí. Balógun, ta ni kó kọ́kọ́ wọkọ̀?

                                                  Èmi ni, tìrẹ nínú ìtìjú àti nínú ìfẹ́,

                                                  Télọ̀.