Olúdayọ̀ Lábísí àti Àwọn Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Rẹ̀, 1953 sí 2025

Ìlú Ìlaròó ni a bí Olúdayọ̀ Lábísí sí, ní agboolé Lábísí, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ ọdún 1953. Ezekiel Lábísí, àgbẹ̀, ni bàbá rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ẹ̀gùá, tó ń ná ọjà títí dé Kétu ní òdìkejì ibodè, ni ìyá rẹ̀. Òun ni àbíkẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ẹbí ní kó kọ ìtàn yìí. Ẹ má bínú pé ó ń pe olóògbé ní "ó". Bó ṣe ń pè é nìyẹn láti ìgbà tó ti ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwé.

Ní ọdún 1959 ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Ánglíkà ní Ìlaròó. Ó mọ̀wé níwọ̀nba. Títú nǹkan ló mọ̀ jù. Ó tú rédíò bàbá wa nígbà tí bàbá wà lóko. Nígbà tí bàbá dé, rédíò ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì méjì ṣẹ́ kù lórí tábìlì. Bàbá ní, "Ìwọ̀nyí ńkọ́?" Ó ní, "Kò nílò wọn, Bàbá." Rédíò náà sọ̀rọ̀ títí bàbá fi kú.

Ó parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ní ọdún 1976. Ní ọdún 1981 ó gbé Mẹ̀dínátù níyàwó, aránṣọ, ọmọ Ayétòrò. Krìstẹ́nì ni ọkọ, Mùsùlùmí ni ìyàwó. Ẹbí méjèèjì sọ̀rọ̀ sí i, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Kò sí ẹni tó yí ẹ̀sìn padà. Ọkọ ló ń dáná sààrì, ìyàwó ló ń rán ẹ̀wù tí ọkọ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọdún 1983 ló di olùkọ́ ní ilé ìwé girama kan ní Ayétòrò. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2013.

Ní ọdún 2001, àwọn kan tó ti jáde ní ilé ìwé náà fi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ránṣẹ́ láti Kútọnu. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo wọn, orúkọ rẹ̀ sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíbọ́ọ̀dù wọn jẹ́ ti àwọn onífaransé, lẹ́tà wọn ò sí níbi tí a mọ̀ ọ́n sí. Ìyẹn rọrùn. Páwà páàkì ni kò rọrùn, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà. Ti ọ̀kan bàjẹ́. Olúdayọ̀ ra òmíràn lọ́jà. Ẹnu wáyà rẹ̀ bá ihò inú kọ̀ǹpútà mu rẹ́gí. Ó tàn án, èéfín jáde. Ilé iṣẹ́ náà ti to wáyà inú ẹnu yẹn lọ́nà tirẹ̀, kò rí bíi ti àwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ ojú kò lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Ó dùn ún. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe tò ó, ó sì ń tún wáyà èyí tó bá rà lọ́jà tò bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà irú bẹ́ẹ̀ tó bá kọ̀ láti tàn, láti Ìfọ̀nyìntẹ̀dó dé Ẹ̀gùá, pálọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá.

Mẹ̀dínátù ní, "Bàbá Ọlámipọ̀, níbo ni kí àlejò jókòó?"

Ó ní, "Kó jókòó lé eléyìí. Kò ní ṣiṣẹ́ mọ́."

Ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Ánglíkà ní Ayétòrò, ohùn ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀. Òun ló ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, òun náà ló ń tún ti mọ́ṣáláṣí àdúgbò ṣe. Àwọn méjèèjì pè é ní tiwọn.

Ní ọdún 2019 ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà. Nígbà tó fi máa di 2021, kò ríran mọ́. Ó jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kì í béèrè oúnjẹ. Ohun tó ń ba ẹbí lẹ́rù kì í ṣe ojú, jíjókòó yẹn ni. A ti rí ẹni tó jókòó bẹ́ẹ̀ tí kò dìde mọ́.

Ní ọjọ́ kan Mẹ̀dínátù gbé kọ̀ǹpútà kan sórí tábìlì, ó fa ọkọ rẹ̀ dìde. Ó ní, "Ẹ máa sọ ohun tí mo máa ṣe. Èmi lójú, ẹ̀yin lọ́wọ́."

Kí ọkọ tó ṣàlàyé tán, ìyàwó ti ki páwà páàkì bọ̀ ọ́, ó sì ti tàn án. Èéfín gba pálọ̀. Ìyàwó bú sẹ́kún. "Ó wọlé, mo rò pé tirẹ̀ ni."

Olúdayọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní, "Bí èmi náà ṣe rò nìyẹn ní 2001. Mú òmíràn wá."

Mẹ̀dínátù lọ mú òwú ìránṣọ rẹ̀. Ó ń pe àwọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan, ọkọ ń sọ irú iná tó wà nínú rẹ̀, ìyàwó a sì so òwú mọ́ ọn. Irú iná kọ̀ọ̀kan ní iye kókó tirẹ̀ lára òwú. Lẹ́yìn náà ọkọ a fi ìka wá kókó, a tú wáyà, a tún un tò síbi tó yẹ.

Ìyàwó ní, "Ẹ wo bí ẹ ṣe ń ka tẹ̀sùbáà. Ẹ ti di Mùsùlùmí."

Ó ní, "Ọwọ́ mi nìkan ni."

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2025. Ó ń jẹun dáadáa. Ó padà sínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2025, ó jẹun ọ̀sán, ó sùn, kò jí.

Ó fi aya rẹ̀, Mẹ̀dínátù, sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀, Ọlámipọ̀, Roheemat àti Iṣẹ́olúwa. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ìtẹ́olúwakìíṣí, Asiyah àti Abdulfatah. Àti ẹ̀gbọ́n kan.

Kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé kan ní Ọjà-Ọ̀dàn wà ní ṣíṣí lórí tábìlì lọ́jọ́ tó kú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kì í bá kọ̀ǹpútà tuntun ṣiṣẹ́. Olúdayọ̀ ti to wáyà rẹ̀ dé ìdajì. Gideon, onílé ìtẹ̀wé, wá bá wa kẹ́dùn, ó ní kí a jẹ́ kí òun gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Mẹ̀dínátù ní kó jókòó. Ó fọwọ́ kan ìdajì tí ọkọ rẹ̀ ti tò, ó sì to ìyókù. Òun fúnra rẹ̀ ló tàn án. Kò rú èéfín. Orí kọ̀ǹpútà yẹn ni Gideon ti ṣe ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí.

Olúdayọ̀, sùn re. Kí Ọlọ́run tó o kọrin fún gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyàwó rẹ wà lọ́wọ́ wa.

Ó dàárọ̀, àbúrò.