Ìwé Àbújá àti Ẹsẹ̀ Bàbá Rẹ

Olúbùkọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ẹ̀fọn Èkó ò tíì mu ẹ̀jẹ̀ rẹ tán? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní kẹ̀yìn sí ọ. Àwa náà wà láàyè ní Ìlọràá. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, atẹ́gùn sì ti ṣí páànù ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí páànù ni mo ṣe kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàbá rẹ ni.

O mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni bàbá rẹ gbé bọ̀ láti ogun Làìbéríà. Àwọn dókítà ológun yẹ ojú ibẹ̀ wò nígbà náà, Àbújá sì kọ̀wé, ó lu òǹtẹ̀ sí i, pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ti lọ láti orúnkún, kò sì ní padà mọ́. Inú Bíbélì wa ni ìwé yẹn ń gbé.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n ń wọ̀ gbó, ó dá egbò sí wọn lórúnkún. Oko ò ṣeé lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ò ṣeé lọ, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí tí wọ́n ń bá àwọn adìẹ mi jà. A wá gbọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún sójà tó fara gbọgbẹ́ ní káàdì, pé ẹni tó bá ní in, ọsibítù á ṣe ẹsẹ̀ tuntun fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ni a bá wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìwé wa.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Máyọ̀wá la bá nídìí tábìlì. Ó kúnlẹ̀ kí wa, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé Àbújá, ti Àbújá ni, àfi kí dókítà ìpínlẹ̀ náà wò ó kí wọ́n tó lè gbà pé ẹsẹ̀ ò sí. Bàbá rẹ bi í pé ṣé ẹsẹ̀ tí kò sí ní Àbújá lè wá wà ní Ìbàdàn ni? Ní tèmi, ó yé mi. Bí ìrìbọmi ni. Bó ti wù kí àwọn Áńgílíkà wọ́n omi sí ọ lórí tó, bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwa Onítẹ̀bọmi, o ó tún wọ odò.

Dókítà wò ó, ó ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bóyá àyípadà á wà. Ọmọ mi, mo gbàdúrà gidi. N ò fẹ́ kó jẹ́ àìnígbàgbọ́ mi ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ hù. Láràárọ̀ ni mò ń ṣí aṣọ ìbora wò. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa tún bèèrè ìgbà tí àìlera náà máa parí, mo sì kọ Ọjọ́ Àjíǹde sí i.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, dókítà ti lọ fún ìsinmi. Wọ́n ní ká fi fóònù forúkọ sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Tíṣà Dámiláre, aládùúgbò wa, bá wa tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dé ibi tí fóònù ti ní kí bàbá rẹ búra pé àwọn kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Wọ́n bèèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Tíṣà ní ènìyàn onírin ni. Bàbá rẹ wo ẹsẹ̀ irin wọn títí, wọ́n ní àwọn ò lè búra èké, pé láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, àwọn ò lè sẹ́ ẹ. A pa fóònù.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yarí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn pàdánù ẹsẹ̀ àwọn, àwọn ò ní máa pàdánù rẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta níwájú akọ̀wé. Egbò sì ń jinlẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo tètè tọjà dé, mo bá bàbá rẹ tí wọ́n ń fi ìdí wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Mo padà sójú títì, mo sunkún mi níbẹ̀ kí n tó wọlé.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Máyọ̀wá pè. Ó ní òfin tuntun ti jáde, pé ohun tí Àbújá bá ti sọ nípa ara sójà, ìpínlẹ̀ á gbà á bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé bàbá rẹ pọ̀n dé Ìbàdàn. Láti ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè. Máyọ̀wá sáré dìde, ó dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí ṣòkòtò yín wà nílẹ̀. Ìwé yín ti tó.” Ó lu òǹtẹ̀ sí káàdì, gbàgà! Bàbá rẹ nà ró, wọ́n gbọ́wọ́ síwájú orí bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ náà ò mọ èyí tí ì bá ṣe, lòun náà bá gbé ọwọ́ tó fi di òǹtẹ̀ mú sókè láti dá ìkíni wọn padà, ó sì fi yíǹkì kun iwájú orí.

Ọsibítù ti wọn ẹsẹ̀ tuntun fún bàbá rẹ. Jọ̀wọ́, fi owó bàtà ránṣẹ́, kó tó fún ẹsẹ̀ méjèèjì o. Fi rán awakọ̀, má fi sínú fóònù. Èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù wò, bátìrì nìkan ni mo bá. Olúwa á fún ọ ní ohun tí o máa fi tọ́jú wa, kò ní gba ẹsẹ̀ rẹ, kò ní gba ọwọ́ rẹ.

Kí o sì wá sílé. Nígbà tí a ń bọ̀, bí a ṣe kọjá Fìdítì ni bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe lọ. Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí látọjọ́ tí mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ wọn. Wọ́n sọ ti afárá kan, wọ́n sọ ti Olúṣínà ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n gbé kọ́ èjìká. Mọ́tò ti dé Ìlọràá kí wọ́n tó dé ìdí ẹsẹ̀. Wọ́n ní ó di ìgbà tí o bá dé kí àwọn tó parí rẹ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Mobọ́lá