Kọ́kọ́rọ́ Ọwọ́ Yín Ò Ṣílẹ̀kùn Wa Mọ́

                                                            Ilé wa,
                                                            Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù onídìrí,
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Bàbá àwọn ọmọ mi, ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú àfaradà, ẹ kú làálàá. Ṣé dáadáa lẹ wà? Èjìká tó ń dùn yín ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́ oògùn? Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń sùn ní yàrá ńkọ́, títí kan ẹni tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta? Ẹ bá mi kí gbogbo wọn. Tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Ọmọ yín obìnrin ti ga débi pé aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ò bo orúnkún mọ́. Eyín iwájú méjèèjì sì ti ká lẹ́nu àbúrò rẹ̀, ó wá ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó. Èmi náà wà, ara mi le. Àmọ́ àárò yín ń sọ mí, n ò ní purọ́ fún yín.

Kíákíá ni mo ń kọ lẹ́tà yìí kó lè bá awakọ̀ ilé iṣẹ́ yín lọ, torí fóònù kì í wọlé níbi tẹ́ ẹ wà, n ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹlòmíì kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ti pààrọ̀ inú àgádágodo ẹnu ọ̀nà wa. Kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ mú lọ ò ní ṣí i mọ́. Ẹ fara balẹ̀ o, ẹ má tíì bínú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Wọ́n gbé àpò mi lọ ní ilé ìwòsàn. Ikọ́ ló ń da ọmọ wa kékeré láàmú. Mo gbé àpò sórí àga kí n lè gbé e fún nọ́ọ̀sì, nígbà tí màá fi yíjú padà, àga nìkan ló kù. Owó inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Kọ́kọ́rọ́ ilé ló ká mi lára, torí káàdì ọmọ wà pẹ̀lú rẹ̀, àdírẹ́sì wa sì wà lára káàdì náà gbàǹgbà. Ẹni tó gbé àpò yẹn mọ ilé, ó sì ní kọ́kọ́rọ́. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Káfíńtà tí mo pè ní kí n lọ ra odindi tuntun, pé kò sẹ́ni tó ń tún irú èyí ṣe mọ́. Mo ní ọkọ mi ń tún un ṣe. Ó ní, “Ọkọ yín ọ̀hún dà?” Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo fún un lówó ọkọ̀, mo ní kó máa lọ.

Bí mo ṣe wọ́ àpótí irinṣẹ́ yín jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Ó ṣì ń rùn gírísì. Mo kọ́kọ́ gbé imú sí i, mo sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó rántí pé iṣẹ́ ni mo fẹ́ ṣe. Agolo píìnì, àwọn irin tíntìntín tẹ́ ẹ máa ń kó sínú àgádágodo, wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tuntun mẹ́ta tí eyín wọn bára mu, tẹ́ ẹ ti gé sílẹ̀, náà wà níbẹ̀, ẹ fi okùn so wọ́n pọ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo gba kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín obìnrin kí n lè fi yí inú àgádágodo, mo tú u lára ilẹ̀kùn, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀pá róbótó tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, èyí tẹ́ ẹ máa ń pè ní ọmọ àgádágodo, ni mo kọ́kọ́ fà yọ. Ẹ ti sọ ọ́ títí ó fi sú yín pé mi ò gbọ́dọ̀ fà á lásán, pé nǹkan míì gbọ́dọ̀ máa tì í lẹ́yìn kí àwọn sípíríìnì má bàa ráyè fò. Mo gbàgbé. Pá! Wọ́n fọ́n ká ilẹ̀, ọ̀kan wọnú ife tíì mi. Ọmọ yín rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹkún ló ṣíwájú. Gbogbo wa wá wà lórí eékún, à ń ṣa sípíríìnì bí ẹni ń ṣa ìrẹsì tó dà nù.

Nígbà tó yá, mo fi bébà wé pẹ́ńsùlù títí ó fi ṣe rẹ́gí, ìyẹn ni mo fi dí ihò náà bí mo ṣe ń dá sípíríìnì àti àwọn píìnì tó ń wà lókè ọmọ àgádágodo padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá ki kọ́kọ́rọ́ tuntun bọ inú ọmọ àgádágodo, mo ń mú píìnì látinú agolo. Èyí tó bá gùn jù, màá yọ ọ́, èyí tó bá kúrú jù, màá yọ ọ́, títí orí gbogbo wọn fi bá ara ọmọ àgádágodo dọ́gba. Ṣé ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi? Ẹ ní kí n di ojú, ẹ wá mú ìka mi, ẹ fi rìn lórí wọn. Mo di ojú lọ́jọ́ náà, mo fi ìka rìn lórí wọn, kò sí èyí tó gún mi lọ́wọ́. Àmọ́ n ò tètè la ojú ọ̀hún. Ọwọ́ yín ni mo ń rò.

Ibẹ̀ ni Ìyá Onídìrí bá mi. Ẹ mọ aládùúgbò wa, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu wọn.

“Ìyá àwọn ọmọ, kí lẹ ń ṣe nídìí ilẹ̀kùn?”

Mo ní mo ń pààrọ̀ rẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ tẹ́lẹ̀ má lè ṣí i mọ́ ni.

“Hẹn-ẹn? Ti bàbá wọn wá ńkọ́?”

Mo kàn rẹ́rìn-ín, torí mo ń ti ọmọ àgádágodo padà sáyè rẹ̀, n ò fẹ́ kí píìnì kankan já bọ́. Ẹ̀rín yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó dirun lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà ló gbọ́ pé mo ti tilẹ̀kùn mọ́ ọkọ mi síta.

Ó dé etí màmá yín. Wọn ò kànkùn nígbà tí wọ́n dé. Kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ fún wọn ni wọ́n kì bọ̀ ọ́. Mo wà nínú ilé, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yí i tí kò yí. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, wọ́n ṣì mú un dání. Wọ́n ní, “Kí lọmọ mi ṣe fún ẹ?” Wọn ò tiẹ̀ pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi látorí àpò dórí Ìyá Onídìrí. Ara wọn wá balẹ̀, wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn rò pé ó ti sú mi ni, pé obìnrin tó ń dá sùn látọdún tó kọjá, kò sóhun tí ò lè sú u. Bàbá àwọn ọmọ mi, kò sú mi o. Ó ń dùn mí ni. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú. Mo ti fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ tuntun kan. Wọ́n ní kí n kí yín.

Ìyá Onídìrí náà ní kí n kí yín, ojú ti ń tì wọ́n díẹ̀. Àwọn ọmọ ní kẹ́ ẹ má gbàgbé ohun tẹ́ ẹ ṣèlérí. Èmi ò mọ ohun tó jẹ́, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Ó wá ku kọ́kọ́rọ́ tiyín. Màmá ní kí n fi í sínú àpòòwé yìí. Mo ti fi í síbẹ̀, mo sì tún ti yọ ọ́. Ìgbà tẹ́ ẹ wá kẹ́yìn, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ yín ló ń kọjá, wọ́n sì dúró dè yín díẹ̀. Èmi wà níbi iṣẹ́ ìránṣọ, níbi tí wọ́n ti máa ń gba fóònù lọ́wọ́ wa, àwọn ọmọ sì wà nílé ìwé. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín wọlé, ẹ tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe, ẹ jẹun, ẹ fọ abọ́, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín tilẹ̀kùn, ẹ lọ. Mo dé, abọ́ yẹn ṣì ń kán omi. Mo gbé e dání lórí ìdúró, n ò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Torí náà, n ò fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Ẹ bínú bẹ́ ẹ bá fẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ lè ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́, iṣẹ́ yín ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣí i. Bẹ́ ẹ bá dé, ẹ kànkùn. Bí n ò bá sí nílé, ẹ ní kí ọkọ̀ máa lọ, kẹ́ ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè mí. Mo fẹ́ bá yín níbẹ̀.

                                                            Tiyín lèmi, lónìí àti lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé,
                                                            Ìyá àwọn ọmọ yín.