Bùbá Yín Kò Gbà Mí

Daddy mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mummy gbé àpótí aṣọ yín sílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, torí Sunday tó ń bọ̀ la óò ṣe ìrántí ọdún kan yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n yọ bùbá àti ṣòkòtò búlúù tí ẹ máa ń fi ṣe Kérésìmesì, wọ́n ní èmi àkọ́bí ni kí n wọ̀ ọ́. Mo ti ọwọ́ bọ bùbá náà, ó há sí mi lápá. Mo fipá fà á, ó ya lábíyá. Mummy kò bínú. Wọ́n kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wo apá mi.

Láyé àtijọ́, ìbá gbà mí dáadáa. Ara kan náà la jọ ní.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá wò mí ní yunifásítì, níbi tí a ti ń gbá baseball, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù? Ẹ kò mọ òfin eré náà rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sáré lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún, títí kan àwọn tí wọ́n wá nà wá. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà títí eré fi parí. Àwọn géńdé tí apá wọn tó itan mi ni kóòṣì ń fi igi lé lọ́wọ́. Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń kọjá ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh ní London níbí, mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí yín: "Daddy, it's your fault. Body kékeré tí ẹ fún mi yìí, kò sí team tó máa fẹ́ ẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá gbogbo ẹni tó bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lóhùn pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ, ẹ kàn yí rédíò sókè díẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì mo bá ẹyin sísè lórí tábìlì, ẹ fi àwo dé e, iyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ti lọ wa bọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí n kì í bá ẹyin níbẹ̀. Ẹ tilẹ̀ máa ń bó o, torí ẹ mọ̀ pé ọ̀lẹ ni mí. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń lọ gbé irin ní jíìmù ní Woolwich. Ẹ̀yìn mi ń fẹ̀, itan mi ń ki, inú mi sì ń dùn pé n kò jọ yín mọ́. Lọ́jọ́ kan mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níwájú dígí, mo rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń rín?

N kò tọrọ àforíjì. Mo rò pé àyè ṣì wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò fún wa láyè.

Lóṣù tó kọjá, mo gbá bọ́ọ̀lù kan tó fò kọjá ọgbà. Gbogbo wọn ń pariwo orúkọ mi, èmi ń wo ibi tí ẹ jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, tẹ̀yin ti fláàsì tíì yín. Ẹyin yín ló gbá bọ́ọ̀lù náà, Daddy. Ta ni kí n sọ ọ́ fún?

Télọ̀ ti rán ibi tó ya, ṣùgbọ́n ó ní kò sí aṣọ nínú ojú rírán tí òun lè tú kó fẹ̀ sí i. Mo tilẹ̀ ronú pé kí n fi jíìmù sílẹ̀, bóyá màá rù. Ọmọ wo ló ń sapá tó báyìí kí aṣọ bàbá rẹ̀ má baà gbà á?

Láàárọ̀ yìí, mò ń bó ẹyin ní kíṣínì, Mummy wá láti ẹ̀yìn, wọ́n dé fìlà yín sí mi lórí. Mo rò pé á há. Kò há. Wọ́n gẹ̀ ẹ́ sápá òsì bí ẹ ṣe máa ń gẹ̀ ẹ́, wọ́n sì bú sẹ́kún. Gbogbo irin tí mo gbé, kò dé orí.

Òun ni màá dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí orí rẹ̀ kò ju tiyín lọ.