Ìbéèrè Tí Mo Fò

Kàdúná, ọjọ́ Ìsinmi, 1938

Àjọkẹ́ mi, ọjọ́ mẹ́tàlélógójì rèé tí a ti sin ọ́.

Lẹ́yìn ìsìn lónìí, ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n ka ìwé ìròyìn Èkó fún wọn, kí n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí o ti máa ń ṣe. Aṣòfin tí o fẹ́ràn yẹn tún ti sọ̀rọ̀ ní ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó bi ìjọba léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ná owó orí sórí ilé àwọn òyìnbó ní Kàdúná níhìn-ín, nígbà tí ilé ìwòsàn wa kò ní ibùsùn tó.

Ìwọ tó jẹ́ pé orí ẹní ní ilé ìwòsàn yẹn lo kú sí.

Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì ìjọba jókòó síwájú, ẹ̀rù sì bà mí. Mo fo ibẹ̀.

Ìyá Ọ̀fà ní, “Akọ̀wé, àbí Kàdúná ò sí nínú ìwé wọn ni?”

Mo ní, “Kò sí, Mà.”

“Ìyàwó rẹ máa ń rí tiwa níbẹ̀ ṣá.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run dárí jì mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ibi tí mo fò ni n óò kọ́kọ́ kà fún wọn. Lẹ́yìn náà, n óò máa kà á lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.